Ìbéèrè Alápatà

Wọ́n ní àwọn ń wá ará ìlú kan,
ẹni tí kì í ṣe dókítà, tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n,
tí yóò máa bá wọn jókòó ní yunifásítì wa n'Ífẹ̀
kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kan ẹranko kankan.
Kò sówó níbẹ̀. Omi inú ike kan, bisikíìtì méjì.
Mo ní èmi yóò ṣe é.
Ọmọ mi Sàúdátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Bàbá, ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pa màlúù fọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ní Sábó?"

Ẹ̀yin náà ẹ rẹ́rìn-ín.
Ṣùgbọ́n ta ló tún mọ bí ìpayà ṣe ń rí
nínú ojú ẹran?

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Yàrá náà tutù bí inú kànga.
Fọ́ọ̀mù nípọn tó búrẹ́dì.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Awótúndé ń tú u sí Yorùbá fún mi létí, jẹ́jẹ́:
eku funfun ọgọ́ta, oògùn àtọ̀gbẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ,
lẹ́yìn náà wọn yóò pa wọ́n, kí wọ́n lè wo kíndìnrín.
Mo ní, kí ló dé tó fi jẹ́ ọgọ́ta?
Ọmọkùnrin tó ni iṣẹ́ náà, Akíntọ̀míwá,
wo ìwé, ó wo àjà:
"Ọgọ́ta làwọn tó ṣáájú wa lò."
Mo ní ó dáa. Ẹni tó ra màlúù nítorí aládùúgbò rà,
ẹran a rà mọ́ ọn lọ́wọ́.
Wọ́n tún un ṣírò. Ó di mẹ́rìndínlógójì.

Òwe igi ṣóńṣó àti ọmọ ẹyẹ wá sẹ́nu mi. Mo gbé e mì.
Òwe tí gbogbo ayé mọ̀ kì í dá bírò dúró.

Ohun tí mo bi wọ́n nìyí:
Níbo lẹ ó ti pa wọ́n?
Ṣé àwọn yòókù yóò máa wò?
Bàbá mi, Ráji, kì í pọ́n ọ̀bẹ níṣojú ẹran.
Kì í jẹ́ kí èkejì rí ẹ̀jẹ̀ èkíní.
Ọ̀bẹ tó bá kú, ó ní, ọwọ́ tó mú un ló kú.
Ó ti nà mí rí nítorí ewúrẹ́ kan ṣoṣo
tó gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára òkúta mi.

Yàrá dákẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
Wọ́n yẹ fọ́ọ̀mù wò, ojú ewé mọ́kàndínlógún,
kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè bẹ́ẹ̀.
Akọ̀wé fi bírò kọ ọ́ sí etí ìwé, lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín.
Ìyá Sàúdátù ń gún abẹ́rẹ́ láàárọ̀, ó ń gún un lálẹ́,
igo kékeré náà wà nínú fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ.
Ẹranko kan ti kọ́kọ́ gbà á sára kó tó dé itan rẹ̀.
Mo mọ̀. Mo fọwọ́ sí ìwé náà.
Ọwọ́ mi kò gbọ̀n, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ bisikíìtì.

Kí n tó lọ sílé, mo ní kí wọ́n mú mi dé ilé ẹran.
Òórùn ìtọ̀ àti èérún pákó.
Àbíọ́nà tó ń tọ́jú wọn mọ iye wọn láìwo ìwé,
ó mọ èyí tí etí rẹ̀ ya,
ó mọ èyí tí kì í jẹun bí iná bá ń tàn.
Kò sẹ́ni tó pè é sí ìpàdé wa.
Mo na ìka kan sára wáyà.
Ọ̀kan wá. Imú pupa, irun ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ́pẹ́.
Ó gbóòórùn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lára èékánná mi,
ó fẹ̀yìn rìn padà sí kọ̀rọ̀.

Mo ní, o ò jẹ̀bi.
Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, n óò tún wá.